Bàbá ńlá wa tó ti Bahia bọ̀ sí Èkó: níbo la ti lè rí ìwé nípa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀?

ỌmọPópóÀgùdà béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dá ilé wa sílẹ̀ ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ sí Èkó, ni mo gbé wá. Bahia, ní Brazil, ló ti wá sí Èkó. Manoel ni orúkọ tó gbé bọ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ mi ò ní kọ ọ́ síta. Àgbà kan nínú ilé ní kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ló dé, òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì ti wà níbẹ̀ kó tó dé, wọn ò sì gbà fún ara wọn títí di òní.

Ohun tó wà nílé kò pọ̀. Ìwé ilẹ̀ kan wà tí ọdún 1866 wà lórí rẹ̀. Ìwé àdúrà Potogí kan wà tí wọ́n kọ ìbí ọmọ mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀: Felicidade, 1849; ọmọkùnrin kan, 1853; ọmọbìnrin kan, 1858. Luiza ni wọ́n kọ pé ó bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ìyàwó mẹ́ta ni ìtàn ilé kà fún bàbá, ọmọ Èkó sì ni àwọn méjì yòókù.

A fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá àti Luiza ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èwo nínú àwọn ọmọ ni wọ́n bí sí Brazil? Ṣé wọ́n fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ́hùn-ún? Ìlú wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó bàbá lẹ́rú lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ká béèrè níbẹ̀?

Akọ̀wéFájì dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì na ọwọ́ sí Brazil, Èkó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Manoel tó wà nínú ìwé Bahia kò lóǹkà, Luiza náà ò sì kéré. Àwọn tó yí i ká ni yóò yọ tiyín sọ́tọ̀: Manoel tó ní Luiza, tó ní Felicidade, láàárín ọdún báyìí sí ọdún báyìí. Ẹ ti ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ó kù kí ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìwé àdúrà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ṣí ojú ewé iwájú níbi tí ọdún ìtẹ̀wé máa ń wà. Bó bá jẹ́ pé 1860 ni wọ́n tẹ ìwé náà, a jẹ́ pé ẹnì kan ló da ọjọ́ ìbí wọ̀nyẹn kọ láti ibòmíràn, tàbí kó jẹ́ pé orí ló ti rántí wọn. Ẹ wo yíǹkì àti ọwọ́ ìkọ̀wé. Bí ti ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra délẹ̀, ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ máa fi ọdún méjì síwájú àti méjì sẹ́yìn wá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí yíǹkì bá yàtọ̀ síra, ẹ lè fọkàn tán ọjọ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi omi tàbí oògùn kankan kàn án nítorí kó lè hàn o. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kàn án, kí ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ìwé 1866 yẹn jẹ́ Crown Grant, ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, aṣojú ìjọba wọn jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì wá gba ìlú pátápátá ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861. Ní 1863 ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fún wọn ní Crown Grant. Nítorí náà, ọdún tó gba ìwé ni 1866, kì í ṣe ọdún tó dé. Ó lè ti gbé orí ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá kó tó gbà á. Ọba Dòsùnmú náà ti ń fún àwọn kan ní ìwé ilẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú. Ẹ ò wá rí i pé àwọn àgbà yín méjèèjì lè jàre? Ẹni tó bá dé láàárín 1851 sí 1861 bá Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kò sì bá Gẹ̀ẹ́sì lórí oyè.

Ẹ mú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà lọ sí Lands Registry ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, kí ẹ béèrè fún ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ó bá dọ́wọ́ yín, ẹ kọ orúkọ àwọn tó bá a pààlà lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo bóyá ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ tàbí ó fa àgbélébùú, ẹ sì kọ orúkọ ẹlẹ́rìí. Àwọn aládùúgbò yẹn ni ẹ ó tún bá pàdé nígbà tí ẹ bá dé ìwé ìsàmì, torí àwọn tó jọ ti ọ̀nà Brazil dé sábà máa ń kọ́lé síra wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀lé ilẹ̀ kan náà síwájú: ìgbà tí wọ́n fi dúró gba owó, ìgbà tí wọ́n tà lára rẹ̀, ìgbà tó di ilé ẹbí. Ìwé tí àwọn ọmọ bá jọ fọwọ́ sí lẹ́yìn ikú bàbá máa ń ka orúkọ gbogbo wọn, títí kan àwọn obìnrin tó ti wà nílé ọkọ.

Ní ti ìyàwó mẹ́ta, ọ̀dọ̀ kóòtù ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ wá ìwé ìhágún rẹ̀ ní Probate Registry, ọ́fíìsì kóòtù tó ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹjọ́. Òfin ìgbéyàwó ti 1884 sọ ọ́ di pé bí ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin náà bá kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀. Ní 1898, nínú ẹjọ́ Cole pẹ̀lú Cole, adájọ́ tún lo òfin Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sierra Leone kó tó wá kú sí Èkó. Àwọn ọmọ tí ìyàwó tí wọ́n fi àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ bí kò gbà kí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá gba kóòtù lọ, ẹlẹ́rìí sì ń jókòó ro ẹjọ́ pé ìyá lágbájá ni bàbá fẹ́ ṣáájú, pé yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, pé Bahia ni wọ́n ti mú un bọ̀. Kò sí ìwé ìsàmì tó lè sọ èyí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀rí apá méjèèjì o, nítorí ẹni tó ń wá ilẹ̀ yóò sọ ìyá oníkejì rẹ̀ di ìránṣẹ́ láìṣẹ́jú. Wọ́n sun ilé kóòtù Igbóṣeré ní Oṣù Kẹwàá 2020, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè ohun tó kù àti ibi tó wà kí ẹ tó wọkọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross, ti Kátólíìkì ní Èkó: fáàdá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì láti ilẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ wá wo Èkó ní 1863, àmọ́ 1868 ni wọ́n tó fi fáàdá jókòó síbẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ọkùnrin Àgùdà kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń kó àwọn Kátólíìkì jọ fún àdúrà, kì í sì ṣe fáàdá tí ìjọ fi jẹ oyè. Bí wọ́n bá bí ọmọ 1858 sí Èkó, ẹ lè máà rí ìsàmì rẹ̀ ní ọdún yẹn rárá. Ìwé ìgbéyàwó òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá, láti bíi 1875 lọ, torí orúkọ bàbá àti ìyá ìyàwó máa ń wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé Faransé ni púpọ̀ nínú àwọn fáàdá náà, Látìn sì ni èdè ìjọ: Manoel lè di Emmanuel, João lè di Joannes, Luiza lè di Ludovica. Ẹ má lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé “gbogbo ìwé ìdílé wa” lẹ fẹ́ o, wọn yóò ní kí ẹ padà wá lọ́la tí kò ní dé. Orúkọ kan, ọdún mẹ́wàá, irú ìwé kan, ó tán.

Nagô_Salvador dáhùn:

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló dáa. Mo fẹ́ mú apá Bahia.

Kò sí ìwé tó dára fún ẹbí tó ń ti Bahia lọ sí Èkó tó ìwé pásípọ́ọ̀tù tí ọlọ́pàá ń kọ. Ó wà ní Arquivo Público do Estado da Bahia, ní Quinta do Tanque, àdúgbò Baixa de Quintas ní Salvador. Ìlà kan tàbí méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, orúkọ, “Africano liberto” (ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira), ibi tó ń lọ, lẹ́yìn náà “levando em sua companhia”, èyí ni pé ó ń mú àwọn wọ̀nyí lọ. Ibẹ̀ ni ẹbí wà. “Sua mulher” ni ìyàwó. Ọmọ tí wọ́n bá kọ “crioulo” tàbí “crioula” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, Brazil ni wọ́n bí i sí. Bí ẹ bá rí Luiza, Felicidade àti ọmọkùnrin náà lábẹ́ Manoel, tí kò sì sí ọmọbìnrin kejì, ẹ ti dáhùn ìbéèrè méjì yín nìyẹn. Bí wọ́n bá bí Felicidade sí Brazil, tí wọ́n sì bí ọmọ 1858 sí Èkó, ó yẹ kó jẹ́ láàárín 1849 sí 1858.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tó gba pásípọ́ọ̀tù lè máà wọkọ̀ ní oṣù yẹn, tàbí kó máà lọ rárá. “Costa d'África” ni wọ́n sábà máa ń kọ, wọn kì í dárúkọ ìlú; “Onim” ni Èkó níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ. Ẹnì kan náà sì lè gba ìwé ní 1850, kó tún gbà á ní 1854, torí àwọn oníṣòwò ń lọ wọ́n ń bọ̀. Ẹ má dúró sórí èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ rí. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ti dá nìkan lọ wo ilẹ̀ kó tó padà wá kó ìyàwó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọdún nìkan sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ogun Malê, àwọn Mùsùlùmí Áfíríkà tó dìde jà ní Salvador. Lẹ́yìn ìjà 25 Oṣù Kìíní 1835, wọ́n lé àwọn kan jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin Bahia ti 13 Oṣù Karùn-ún 1835 gbé owó orí mílíréìsì (owó Brazil ìgbà náà) mẹ́wàá lé gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira lọ́dọọdún, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Èyí nìkan tó láti lé èèyàn sínú ọkọ̀. Àwọn kan máa ń fi orúkọ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ra ilé, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń wá dúkìá ní Bahia, ẹ wá Felicidade pẹ̀lú.

Ìsàmì: FamilySearch, ìkànnì fún wíwá ìtàn ìdílé, ti ya fọ́tò ìwé ìjọ Kátólíìkì Bahia, ọ̀fẹ́ sì ni láti forúkọ sílẹ̀. Àpótí ìwárí rẹ̀ kò mọ gbogbo orúkọ tó wà nínú fọ́tò, ẹ má torí pé ẹ kò rí nǹkan kan níbẹ̀ sọ pé kò sí. Ẹ wọ inú Catalog, ẹ kọ Salvador, ẹ mú páríìṣì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ṣí ojú ewé rẹ̀ bí ẹní ń ṣí ìwé. Àwọn fọ́tò kan kì í ṣí nílé. Ẹ ní láti lọ sí ibùdó FamilySearch kí wọ́n tó ṣí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sé, Santana, Rua do Passo, Conceição da Praia, Pilar àti Santo Antônio Além do Carmo. Ẹ wá ọmọ tí wọ́n bí ní 1849 títí dé 1852, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tí wọ́n bí i.

Báyìí ni ìlà kan máa ń rí: “baptizei solemnemente e puz os Santos Oleos a Felicidade, crioula, filha natural de Luiza, Africana liberta, foi padrinho...”, èyí ni pé: mo ṣàmì fún Felicidade, mo fi òróró mímọ́ kàn án, ọmọ Luiza ni, bàbá ìsàmì rẹ̀ sì ni... Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. “Filha natural” sọ pé ìyá àti bàbá kò ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ pé bàbá kò sí nílé. Bí wọ́n ti ń kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń fo orúkọ bàbá, ẹ lè máà rí Manoel níbẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló gbé ọmọ dání. “Filha legítima” ni yóò jẹ́ bí wọ́n bá ti gbéra wọn níyàwó. Ẹ wá ìgbéyàwó náà sẹ́yìn nínú páríìṣì kan náà. “Liberta” tàbí “forra” ni ẹni tó ti bọ́ lóko ẹrú. “Escrava de”, pẹ̀lú orúkọ olówó rẹ̀, ni ẹni tí kò tíì bọ́. Ọmọ ń tẹ̀lé ipò ìyá. Nígbà míì olówó á tú ọmọ sílẹ̀ níbi ìsàmì gan-an, wọn á kọ pé ó di òmìnira “na pia”.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ méjì lè ṣe. Ká ní wọ́n kọ Luiza ní “escrava de” nígbà ìsàmì ọmọ 1849, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní “liberta” ní 1853. A jẹ́ pé àárín ọdún mẹ́rin yẹn ló gba òmìnira, ẹ sì ti mọ orúkọ olówó rẹ̀. Ìwé àwọn nọ́tárì, akọ̀wé òfin, ni kí ẹ gbà lọ nìyẹn, àwọn Livros de Notas, níbi tí wọ́n ti ń da “carta de alforria”, ìwé òmìnira ẹrú, kọ. Ètò Endangered Archives ti British Library ti ya fọ́tò ìwé nọ́tárì Bahia láti 1664 dé 1889, nọ́ńbà rẹ̀ ni EAP703. Kò ní àpótí ìwárí fún orúkọ, ojú ni ẹ ó fi kà á, ìdí nìyẹn tí ọdún mẹ́rin fi sàn ju ogún ọdún lọ. Ìwé òmìnira máa ń sọ bóyá ó fowó ra ara rẹ̀ padà, iye tó san, tàbí pé ó gbọ́dọ̀ sin olówó rẹ̀ títí ẹni yẹn á fi kú. Bí ẹlòmíràn bá ló sanwó fún un, wọ́n lè dárúkọ onítọ̀hún. Ọkọ ni nígbà míì.

Ìkọ̀wé wọn ń ṣini lọ́nà. Wọ́n ń gé orúkọ kúrú: “Mel.” ni Manoel, “Joaqm.” ni Joaquim, “Anto.” ni Antonio, “Fco.” ni Francisco. Luiza àti Luzia kì í ṣe orúkọ kan náà, àmọ́ lábẹ́ yíǹkì tó ti ṣá wọ́n jọ ara wọn. Ẹ má wulẹ̀ wá ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti ìjọba fún àkókò yìí, 1889 ni ti Brazil tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri.

ỌmọPópóÀgùdà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un. Ilé kan wà ní òpópónà Bámgbóṣé tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú wa. Àwọn àgbà kì í gbà ká fẹ́ ara wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ bá a ṣe tan. Ìyá àgbà kan sì ní Mùsùlùmí ni bàbá kó tó kú. Ní ti ìlú tó ti wá, mo rí ìkànnì kan tí orúkọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wà, orúkọ Yorùbá bàbá sì wà níbẹ̀, ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún. Ṣé òun ni?

Ìyá_Ààrọ̀ dáhùn:

Orúkọ kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Kí tún ni ẹ ń wá? Àwọn àgbà kò lè máa kọ ìgbéyàwó lásán.

ỌmọSàró_Olówógbowó dáhùn:

Ẹ yọ ojú kúrò lára ìkànnì yẹn. African Origins ni ẹ ń sọ, orúkọ 91,491 ló wà níbẹ̀, inú ìwé kóòtù Freetown àti Havana ni wọ́n ti kó wọn jọ. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n gbà lójú omi, tí wọ́n sì tú àwọn inú rẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Freetown kò dé Bahia. Bàbá yín tó dé Bahia, ọkọ̀ tirẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi orúkọ kan pẹ̀lú ọjọ́ orí nìkan so ó mọ́ ẹnikẹ́ni, Òjó àti Àìná tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn.

Bí ó bá jẹ́ ìdílé Sàró, àwọn tó ti Freetown ní Sierra Leone bọ̀, ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwé Freetown ń kọ orúkọ Áfíríkà, ọjọ́ orí, bí èèyàn ṣe ga tó, àti ilà tàbí àpá ara rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbọ́ orúkọ ni wọ́n kọ ọ́, ẹ kà á sókè kí etí yín lè mọ̀ ọ́n. Fọ́tò àwọn ìwé Sierra Leone kan wà nínú ètò British Library yẹn, ní EAP443.

Fún Bahia, ẹ má retí ìwé ọkọ̀ tó kọ orúkọ ẹrú. Láti 1815 ni Potogí ti fọwọ́ sí i pé wọn ò ní ra ẹrú ní òkè ìlà agbedeméjì ayé mọ́, ibẹ̀ sì ni Èkó àti Ouidah wà. Brazil tún ṣòfin tirẹ̀ ní 7 Oṣù Kọkànlá 1831. Kò dá wọn dúró, irọ́ ló kọ́ wọn: ọkọ̀ á kọ Molembo tàbí Cabinda, tó wà nísàlẹ̀ ìlà náà, sínú ìwé, Èkó ló ń lọ. Nítorí náà, èyí tí ìwé bá wí nípa ibi tí ọkọ̀ ti wá, ẹ fi iyọ̀ tọ́ ọ wò.

“Nagô” ni ìwé Bahia yóò pe bàbá, bóyá Ẹ̀gbá ni, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ tàbí Kétu. Ìlú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ àfi bí orí bá ṣe é. Ilé yín ló wà: oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, òrìṣà tí wọ́n ń bọ kí ìsìn mìíràn tó dé, ilà ojú bí ẹnikẹ́ni bá rántí rẹ̀. Ẹ gba oríkì náà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ara wọn. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni kí ẹ dúró lé. Orílẹ̀ lè sọ ibi tí ìran ti ṣẹ̀ o, kì í sọ abúlé tí wọ́n ti jí èèyàn gbé.

Akọ̀wéFájì dáhùn:

Ìyá_Ààrọ̀, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ orúkọ Àgùdà kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹrú ń jẹ́. Bó bá gba òmìnira, orúkọ ìdílé olówó rẹ̀ ni òun náà sábà máa ń mú. Èèyàn mẹ́wàá tó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ lè jẹ́ da Silva láìsí ẹni tó bá ẹnì kejì tan. Ẹlòmíràn gba ti bàbá ìsàmì rẹ̀. Àwọn kan sì wá pa orúkọ Brazil tì ní Èkó: ìdílé Alákijà, Assumpção ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní kí ẹ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sẹ́yìn. Ìdí kan wà tí wọn kì í fi í fẹ́ ara wọn. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ pé olówó kan náà ló ni wọ́n, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kan ló jọ kó wọn sọdá, èyí tí wọ́n ń pè ní malungo ní Brazil, wọ́n sì ń ka ara wọn sí ọmọ ìyá. Ẹ fi ìwé dán an wò: ṣé olówó kan náà ló kọ ìwé òmìnira àwọn méjèèjì? Ṣé ọ̀kan wọn jẹ́ bàbá ìsàmì fún ọmọ ẹnì kejì? Ṣé wọ́n wà lórí pásípọ́ọ̀tù kan? Ṣé wọ́n bára wọn pààlà lórí Crown Grant? Bí ẹ bá rí méjì nínú mẹ́rin, ẹ ti rí okùn tó so wọ́n. Bàbá ìsàmì kì í pọ̀ sí oríṣiríṣi, àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n ń yí ká, nítorí náà ẹ máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ̀ wọ́n.

Ní ti ẹ̀sìn, ìsàmì Bahia kì í ṣe ẹ̀rí pé onígbàgbọ́ ni. Olówó ẹrú ló ní láti rí i pé wọ́n ṣàmì fún ẹrú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Àgùdà jẹ́ Mùsùlùmí ní Èkó, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ Potogí lọ. Bí Holy Cross kò bá ní bàbá yín nínú ìwé, ó lè jẹ́ Luiza àti àwọn ọmọbìnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ wá àwọn náà lórúkọ tiwọn, kí ẹ má dúró de bàbá.

Ìkànìyàn Èkó kò ní ràn yín lọ́wọ́, àpapọ̀ iye ni wọ́n tẹ̀, kì í ṣe orúkọ agboolé. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó náà, wọ́n ti wó o ní àwọn ọdún 1970. Ìwé ìròyìn ni kí ẹ lò fún ikú àti ìgbéyàwó: Lagos Times bẹ̀rẹ̀ ní 1880, Lagos Observer ní 1882, Lagos Weekly Record ní 1891. Ẹ lè béèrè wọn ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìròyìn òkú tàbí ti ìyàwó tuntun máa ń ka àwọn tó wá.

ArájìnàÀjàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ má gbàgbé apá tiwa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ Àgùdà gúnlẹ̀ sí Ouidah tàbí Agoué kí wọ́n tó dé Èkó, ẹ̀gbọ́n á wà ní Àjàṣẹ́, àbúrò á wà ní Èkó. Oṣù Kẹrin 1861 ni àwọn fáàdá SMA dé Ouidah, ṣáájú Èkó. Ọmọ 1858 yẹn, wọ́n lè ti gbé e wá síbí ṣàmì. Rome ni àwọn SMA ń kó ìwé àtijọ́ wọn pamọ́ sí. Ẹ fi Faransé kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sọ orúkọ, ọdún àti ìlú. Ẹ sì yí orúkọ ìdílé yín wò: da Souza ti Èkó lè jẹ́ de Souza níbí, Almeida lè jẹ́ d'Almeida, wọ́n á wà lábẹ́ lẹ́tà mìíràn nínú ìwé.

ỌmọPópóÀgùdà:

Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ẹ̀gbọ́n Salvador, ìbátan wa kan ń lọ sí Bahia fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Kí ni kó dojú kọ?

Nagô_Salvador dáhùn:

Pásípọ́ọ̀tù nìkan. Ìsàmì àti ìwé nọ́tárì, ẹ lè ka púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Èkó, kó má fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò lé wọn. Kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kó sì kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú láti mọ̀ bóyá yàrá ìkàwé ṣí, àti bóyá wọ́n ń gbé ìwé ọdún wọ̀nyẹn jáde. Ìwé tó ti gbó jù, wọn kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 1858, kó máa padà sẹ́yìn lọ sí 1849, torí ìrìn àjò tó kó gbogbo ẹbí ló ń wá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Bó bá rí i, kó ya fọ́tò ojú ewé yẹn, ti iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí àwọn tó jọ ń wọ ọkọ̀ kan sábà máa ń gba ìwé ní ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì. Kó tún ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí ìwé náà níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Bí kò bá rí nǹkan kan, kó kọ nọ́ńbà ìwé tó kà àti ọdún tó parí sí, kí ẹni tó bá tún lọ má padà tú u láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí wọn kò gbọdọ̀ gùn. Èyí tó: “Procuro o registro de passaporte de Manoel (orúkọ ìdílé), africano liberto, com sua mulher Luiza e sua filha Felicidade, com destino à Costa da África, entre 1849 e 1858.” Kó kọ orúkọ ìdílé náà ní gbogbo ọ̀nà tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbà kọ ọ́ ní Èkó.

ỌmọPópóÀgùdà:

Ó ti wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé àdúrà náà báyìí: 1847 ló wà níwájú rẹ̀, Lisboa, yíǹkì ti ọmọ 1858 sì dúdú ju ti àwọn méjì tó kù lọ.

Akọ̀wéFájì dáhùn:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lè dín ọdún tí ẹ ó wá kù nìyẹn: ẹ wá ìsàmì ọmọkùnrin náà láti 1853 sí 1856 kí ìbátan yín tó wọ bàálù. Bó bá wà ní Salvador, 1853 ni kó dúró, kó má kà á dé 1849.

Nagô_Salvador dáhùn:

Kó kà á dé 1849 bí àyè bá wà, ẹ̀gbọ́n. Bàbá lè ti dá lọ kó tó kó wọn.

Akọ̀wéFájì dáhùn:

Mo gbà. Èyí tó kó gbogbo ẹbí ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá ti bàbá nìkan.